Bíkìn Kejì Tó Sọnù Lẹ́bàá Ààrò Ẹja

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lẹ́yìn tí mo gba ìwé àṣẹ sáfẹ́yọ̀, inú ọ̀sà ni mo gbé ààlà ilẹ̀ lọ. Mi ò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojú gbogbo ènìyàn ni mo dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ mi ní Ẹ̀pẹ́, tí mo nàka síwájú, tí mo sì rán bàbá àgbàlagbà kan lọ síbi tí bíkìn yẹ kó wà. Bàbá ń lọ, ó ń lọ, títí omi fi dé orúnkún rẹ̀. Ó wá yíjú padà, ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé kí n ṣì máa lọ, àbí ilẹ̀ àwọn ẹja ni a wá wọ̀n?"

Bàbá Múfú lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń fa tẹ́ẹ̀pù fún wa, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ní ìṣirò. Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé. Obìnrin tó ń ṣe sáfẹ́ kò pọ̀. Tí oníbàárà bá wọ ọ́fíìsì wa ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, á bi mí pé, "Sáfẹ́yọ̀ ńkọ́?" Màá ní, "Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀." Á tún yọjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀ láti inú yàrá. Inú máa ń bí mi, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ yẹn fi dùn mí dé egungun. Ọjọ́ tí wọ́n wá rí sáfẹ́yọ̀ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́, ó ń rán bàbá àgbà lọ sínú omi.

Alàgbà Ṣówándé ló kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Rẹ́mọ kan báyìí tí kì í kánjú, tí kì í sì í pariwo. Odindi oṣù mẹ́rin ni mo fi ru ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wa ń dúró lé léjìká kí ó tó gbà kí n fi ojú kan dígí rẹ̀. Ní ìta, àwọn ènìyàn rò pé kámẹ́rà ni. Wọ́n á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á tún gèlè ṣe, wọ́n á ní ká ya àwọn náà. Ọ̀gá á ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, á dúró díẹ̀, á ní, "Ó ti jáde." Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ, iṣẹ́ wa á sì máa tẹ̀síwájú.

Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi ni bíkìn. Bíkìn ni òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú tí à ń rì mọ́ igun ilẹ̀ kí ọmọ aráyé lè mọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí. Nínú ìwé, bíkìn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe lọ tó sí ìhà ìlà-oòrùn, èkejì ń sọ bó ṣe lọ tó sí ìhà àríwá. Tí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ibi tí bíkìn lè sá sí. Tí ó bá ku ẹyọ kan, o ò ní ibì kan pàtó, àfi kí nǹkan mìíràn bá ọ jẹ́rìí.

Kí Ọ̀gá tó ri bíkìn, ó máa ń kọ́kọ́ fi orí ìgò òfìfo kan sọlẹ̀ nínú kòtò, á bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, kó tó wá gbé òpó sí i lórí. Mo rò pé ètùtù ni. Nígbà tí mo bi í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀pà há ara rẹ̀ lọ́fun nítorí ẹ̀rín.

"Ètùtù kẹ̀, Rónkẹ́? Òpó ni olóòótọ́ ń wò. Ìgò ni à ń wá lọ́jọ́ tí òpó bá lọ. Ta ló máa ń jí ìgò òfìfo nínú ilẹ̀?"

Ó ní kì í ṣe gbogbo àwọn sáfẹ́yọ̀ àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ro ti ẹ̀yìn ọ̀la nìkan ni.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ wá ni Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, òṣìṣẹ́ olówó oṣù tó ń gbé nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòròdú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́ ni ó ti ń jáde lọ sí Èkó, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí oorun ń jẹ ní gbèsè. Ó ti ra plọ́ọ̀tì kan sẹ́bàá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó fẹ́ kọ́ ilé tí yóò máa gbé tó bá fẹ̀yìn tì.

Ó sọ fún wa pé, "Ìyá kan ló kọ́ ààrò ẹja wọnú ilẹ̀ mi. Mo ti fa okùn, ó kọ̀ kò wó o. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ yín lọ kí ìyá yẹn lè gbà. Ọjọ́ Ajé ni bíríkìlà ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ fẹ́ńsì."

Ọjọ́rú la wà nígbà náà. Ọ̀gá ní kí èmi lọ, kí Bàbá Múfú tẹ̀ lé mi. Bí mo ṣe ń di báàgì, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o rí Ọ̀gbẹ́ni yẹn? Iṣẹ́ wa ló rà. Kò ra ìlà."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Nínú ọkàn mi mo ní, ta ni kò mọ ìyẹn?

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, okùn pupa kan ni a kọ́kọ́ rí. Láti ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ti wá, ó gba àárín àtíbàbà ńlá kan kọjá, ó sì lọ títí dé etí omi. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni ààrò mẹ́ta wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n, ẹja sì wà lórí gbogbo wọn. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ okùn náà, ó yí ẹja, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ kọjá sódì kejì. Kò já okùn náà, kò sì fọwọ́ kàn án. Alhaja Ìdáyátù nìyẹn. Òun ló ń bá àwọn tó ń tajà ní Ọjà Olúwo yan ẹja.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ mi, kò wá ọkùnrin lẹ́yìn mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí, torí òun kọ́ ló pè mí.

Ó ní, "Sáfẹ́yọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ìyá mi ló mọ ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Èrè rẹ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Wọn kì í gbé ààrò, ẹ mọ̀. Tí wọ́n bá wó o, ó tán nìyẹn, n ò sì ní ilẹ̀ mìíràn tí mo lè mọ òmíràn sí. Tí ìlà bá ní kí n wó o, màá wó o. Àmọ́ ìlà ni kó sọ, kì í ṣe okùn."

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, tó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ọ̀rọ̀ náà, dá sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ìyá, mi ò bá yín jà o. Plọ́ọ̀tì kan ni mo rà. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ ni plọ́ọ̀tì. Láti bíkìn tó wà lọ́hùn-ún ni mo ti wọn ọgọ́ta ẹsẹ̀, ibi tó parí sí nìyí."

Kò purọ́. Ní ẹ̀sítéètì tirẹ̀, ọgọ́ta ẹsẹ̀ ni ojú plọ́ọ̀tì lóòótọ́. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé àádọ́ta ni. Ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ fún un kò sọ èwo. "Plọ́ọ̀tì kan" ni wọ́n kọ, ẹni tó tà á sì ti kú. Bíkìn mẹ́ta ló yẹ kó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Bíkìn kìíní wà ní igun ilẹ̀ Alhaja, bíkìn kẹta wà ní òpin ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé. Bíkìn kejì ni ó pín àwọn méjèèjì, ẹ̀dá kan ò sì rí i mọ́ láti ìgbà tí katapílà ti fẹ ọ̀nà náà lójú.

Mo bi Alhaja bóyá pláànì ìdílé wọn ṣì wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó gun un, ó na ọwọ́ sókè sáàárín igi àjà tó wà lórí ààrò, ó sì fa nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá di ní ìpele mẹ́ta.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni ìyá mi ń kó gbogbo ìwé sí. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé yìgì mi pàápàá. Ikán ò lè dé ibi tí èéfín wà."

Òótọ́ ni. Ikán ò dé ibẹ̀. Àmọ́ èéfín àti òróró ẹja ti wọnú ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pláànì náà sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹja àrọ̀ tó gbẹ. Orúkọ sáfẹ́yọ̀ tó yà á ti lọ. Gígùn tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà ti lọ. Ní ti bíkìn kejì, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣì ṣeé kà dáadáa. Nọ́ńbà kejì ti di àbàwọ́n dúdú. A ti ní kí wọ́n bá wa wá ẹ̀dà pláànì náà ní ibi ìpamọ́ ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Ajé ni bíríkìlà ń bọ̀.

Mo wo ìwé yẹn sókè sódò, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìlà tó so bíkìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, rúlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi fà á. Kò tẹ̀ rárá. Tí ohun mẹ́ta bá wà lórí ìlà tààrà kan, tí a mọ ibi tí méjì wà pátápátá, tí a sì mọ ìdajì ibi tí ẹ̀kẹta wà, kò lè farapamọ́ fún wa mọ́. Ìdọ́gba ìlà tààrà nìyẹn, èyí tí olùkọ́ ìṣirò wa máa ń kọ sí pátákó, lẹ́tà kan fún ohun tí a mọ̀, lẹ́tà kan fún ohun tí a ń wá. Mo rántí pé mo na ọwọ́ sókè nígbà yẹn, mo bi í pé níbo ni a ó ti lò ó. Ó ní kí n dìde dúró títí kíláàsì fi parí.

Mo gbé ìwé lé orúnkún, mo ṣe ìṣirò náà láìpẹ́, mo rí nọ́ńbà tó sọnù, mo dà á kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Mo gbé ẹ̀rọ ka orí bíkìn kìíní, mo fi ohùn ọ̀gá pátápátá pe Bàbá Múfú pé kó mú ọ̀pá kó máa lọ síbi tí mo bá nàka sí. Mi ò dúró wo bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó nínú ìwé. Ìkánjú àti ìgbéraga kì í jẹ́ kí ènìyàn ka ìlà kejì. Ìyókù, ẹ ti gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Múfú jáde nínú omi, tó ń fún ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé òun yóò bá mi gbé bíkìn náà wá tó bá bọ́ sínú àwọ̀n òun. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní bóyá kí a kúkú lo okùn òun. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kó ẹ̀rọ mi padà sí Lásùnwọ̀n lójú ẹsẹ̀.

Alhaja ló gbé àga fún mi. Ó fún mi ní omi, ó sì jókòó tì mí.

"Ọmọ mi, bá mi sọ ọ́ kó yé mi. Ìhà ibo ni ìwé rẹ ní bíkìn yẹn wà?"

Mo ka ìwé iṣẹ́ mi fún un. "Láti bíkìn kìíní, ó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì lọ sí gúúsù."

Ó mi orí. "Rárá o. Ẹ̀gbẹ́ bíkìn kìíní yìí ni ẹní ìkírun mi máa ń wà, láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá. Tí mo bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀sà á wà lápá ọ̀tún mi, ọ̀nà á gba apá òsì mi lọ. Bíkìn kejì wà lápá òsì mi, mo máa ń gbé kẹ́tùlù àlùwàlá lé e lórí. Apá òsì ẹni tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ṣé gúúsù ni?"

Àríwá ni. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Mo tún wo ìwé iṣẹ́ mi, mo sì rí ẹ̀ṣẹ̀ mi kedere. Àwọn ará àtijọ́ máa ń kọ nọ́ńbà àríwá ṣáájú. Ìwé tiwa, ìlà-oòrùn ló ń ṣáájú. Mo ti kọ bíkìn kìíní àti ìkẹta sílẹ̀ láti ọ́fíìsì bí tiwa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí bíkìn kejì lórí pláànì èéfín náà ni mo ṣe dà á kọ. Ìṣirò mi tọ̀nà. Mo kàn sọ àríwá di ìlà-oòrùn ni, odindi nọ́ńbà àríwá náà sì kéré sí ti ìlà-oòrùn, ló fi dà bíi pé ẹ̀yìn ni bíkìn wà, níhà ọ̀sà. Ọ̀gá ti kìlọ̀ ẹ̀ fún mi tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, mo sì ti máa ń dáhùn pé, "Mo gbọ́, sà."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, n ò lè dá a dúró. Mo ní, "Alhaja, ẹ̀yin ni ẹ mú bíkìn náà jáde nínú omi."

Ó ní, "Kò tíì jáde. Fi hàn mí bí o ṣe fẹ́ mọ nọ́ńbà tí ojú rẹ ò rí. Ààrò mi ló wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ àfọ̀ṣẹ."

Mo ṣe é lójú rẹ̀, lójú Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé náà, pẹ̀lú èédú lórí pákó tó ń fi gé ẹja. Mo gé orí àwọn nọ́ńbà náà kúrò kí wọ́n má baà gùn jù. Bíkìn kìíní: ìlà-oòrùn 412, àríwá 630. Bíkìn kẹta: ìlà-oòrùn 442, àríwá 670. Mo ní, "Láti èyí dé ìyẹn, a fi ọgbọ̀n mítà lọ sí ìlà-oòrùn, a fi ogójì lọ sí àríwá. Torí náà, tí a bá ti lọ mẹ́rin sí àríwá lórí ìlà yìí, dandan ni kí á ti lọ mẹ́ta sí ìlà-oòrùn. Ìlà tí kò tẹ̀ kì í yí ìwà padà lójú ọ̀nà."

Alhaja ní, "Bí okùn àwọ̀n tí wọ́n fà le láàárín òpó méjì."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà."

"Tí wọ́n bá wá sọ fún mi bí léfòó kan ṣe jìnnà sí etí omi tó, mo ti mọ ibi tó so mọ́ lórí okùn nìyẹn."

Mo wò ó. Mo ní tí olùkọ́ wa bá sọ ọ́ báyìí, n kì bá tí dìde dúró. Mo wá tọ́ka sí nọ́ńbà tó ṣẹ́kù lórí pláànì: àríwá bíkìn kejì, 658. Láti 630 dé 658 jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rin wà nínú méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́nà méje. Nígbà náà, mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ lọ́nà méje sí ìlà-oòrùn, ìyẹn mọ́kànlélógún. 412 àti mọ́kànlélógún, 433. Mo fi èédú kọ ọ́ síbi tí àbàwọ́n wà, mo sì fa igi sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, tó ti ń fi kalukuléétọ̀ fóònù rẹ̀ bá mi lọ, ní ohun kan náà ni òun rí. Ó bi mí pé, "Mítà mélòó ni ìyẹn láti bíkìn kìíní?"

"Mítà márùndínlógójì."

Ó yíjú wo okùn rẹ̀. Láti bíkìn kìíní sí okùn pupa rẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n ni. Mítà mẹ́ta ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú mítà mẹ́ta yẹn.

Ó ní, "Sáfẹ́yọ̀, ẹ má bínú. Láàárọ̀ yìí kan náà, ẹ̀rọ yín ní inú omi ni. Ìṣirò lórí pákó ẹja ni ẹ fẹ́ kí n fi fi ilẹ̀ mi sílẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Nígbà náà ni mo rántí Ọ̀gá àti ìgò rẹ̀. Ọkàn mi ní kí n má sọ ọ́, torí tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ tí a kò rí nǹkan, ọ̀rọ̀ Alhaja tún bàjẹ́ sí i nìyẹn. Bóyá ẹni tó ri bíkìn yẹn wà lára àwọn tí kì í fi ìgò sí i. Mo sọ ọ́ ṣá. Mo ní, "Tí ó bá jẹ́ sáfẹ́yọ̀ rere ló ri í, ìgò wà nísàlẹ̀. Tí kò bá sí, n ò ní fi ọwọ́ sí ìwé kankan lónìí, ẹ óò dúró de ẹ̀dà pláànì."

Bàbá Múfú fa tẹ́ẹ̀pù. Márùndínlógójì láti ìhà ìhín, márùndínlógún láti ìhà ọ̀hún, ibì kan náà ni ó bọ́ sí. Ó kan èèkàn síbẹ̀. Bó ṣe fẹ́ mú ṣọ́bìrì, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ká apá ẹ̀wù sókè.

Ó ní, "Èmi ni yóò gbẹ́ ẹ."

A dúró yí i ká. Iyẹ̀pẹ̀ tí katapílà kó dà síbẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òkúta, lẹ́yìn náà iyanrìn funfun. Kòtò dé orúnkún rẹ̀, kò sí nǹkan. Alhaja kò wo kòtò náà. Ó padà sídìí ààrò, ó ń yí ẹja tí kò tíì tó yí. Mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi, n ò sì mọ̀ pé mo ti di ọwọ́ Bàbá Múfú mú. Kòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé itan rẹ̀ kí ṣọ́bìrì tó kan nǹkan kan tó dún "kẹ̀ẹ́".

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kó iyanrìn. Ìdí ìgò ló yọ jáde, ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin, ó dojú dé, ó dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí a kan èèkàn mọ́.

Alhaja ti dé ẹ̀yìn mi. Ó wo ìgò náà dáadáa. "Ìgò ọtí? Nínú ilẹ̀ ìyá mi?"

Bàbá Múfú ní, "Òfìfo ni, Alhaja. Sáfẹ́yọ̀ ló mu ún."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé kọ. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Bàbá Múfú ṣí fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kòtò náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ló ń kí, ẹni tí èéfín ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. A ti wá nọ́ńbà rí, a kò lè wá orúkọ. Omi bọ́ lójú mi, mo sì sọ pé èéfín ni.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé jáde nínú kòtò, ó fúnra rẹ̀ já okùn pupa náà. Ó bi Alhaja, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́nu, pé, "Ìyá, kí ló dé tí plọ́ọ̀tì Ẹ̀pẹ́ fi kéré ju ti Ìkòròdú lọ?"

Alhaja ní, "Ṣé ọ̀sà yìí wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ ní Ìkòròdú?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àmọ́ mo rántí ohun tí Ọ̀gá sọ pé ẹnikẹ́ni ò ra ìlà. Mo gbé ẹ̀rọ ka orí kòtò ìgò náà, mo wo bíkìn mìíràn tó ṣì dúró ní òpin ààlà náà létí omi, mo fa ìlà. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ilẹ̀ Alhaja. Igi ìdáná tí ó tò sẹ́yìn wọn ni kò sí níbẹ̀ tán. Ó fi bí ìgbọ̀nwọ́ kan wọ ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé. Ó nira fún mi láti sọ ọ́. Alhaja kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó di ìró rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ní kó fi sílẹ̀, pé kò sí wàhálà.

Alhaja ní, "Ṣebí mo ní ìlà ni kó sọ? Ó ti sọ." Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, kò ku igi kan níbẹ̀.

A dá ìgò náà padà sí ipò rẹ̀, a ri bíkìn tuntun lé e. Nígbà tí mo dé Lásùnwọ̀n, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá, títí kan ti inú omi. Ó fọ ẹ̀pà, ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Èwo ló ń ṣáájú lórí pláànì àtijọ́?" Mo ní, "Àríwá, sà." Kò sọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀ mọ́ títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi.

Mo ya pláànì tuntun fún Alhaja, mo fi ike bò ó kí omi má lè wọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sínú àpótí. Ní ọdún kejì mo yà kí i. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ti dé orí òrùlé, òun gan-an ló jókòó sábẹ́ àtíbàbà Alhaja tó ń jẹ ẹja, ojú rẹ̀ kò sì pọ́n mọ́. Mo béèrè pláànì. Alhaja fa àpótí, ó gun un, ó na ọwọ́ sókè sáàárín igi àjà.

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Ikán ò ní jẹ ẹ́. Tí èéfín bá jẹ ẹ́, ìwọ náà ti mọ bí a ṣe ń wá a."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bíkìn tí mo rì kẹ́yìn, ilẹ̀ kan ní Ìpakodò ni, ẹ̀bá omi. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà rí mi tí mo ń fi orí ìgò sọlẹ̀ nínú kòtò, ó ní ṣé ètùtù ni, pé ní ayé tí ẹ̀rọ ń gba ìròyìn láti ojú ọ̀run yìí, kí ni ìgò fẹ́ ṣe? Mo ní kó má dààmú, tirẹ̀ kọ́. Mo bu iyanrìn lé e díẹ̀díẹ̀. Mo ronú nípa ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, bóyá tí a kò tíì bí i, tí àwọn ènìyàn yóò ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ìyá kan yóò sì máa yí ẹja tí kò tíì tó yí. Kí n tó ní kí wọ́n gbé òpó lé e, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kòtò, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."